Sísan Mọ́gééjì Tán Ṣáájú Ọjọ́ Rẹ̀: Ọ̀nà Wo Ló Bá Ilé Yín Mu?

Àwa Yorùbá tó ra ilé sí Ìlú Ọba, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu wa: owó díẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù lóṣooṣù yìí, ṣé ká máa fi lé mọ́gééjì kó lè tètè tán ni, àbí ká kó o pamọ́, àbí ká fi kọ́lé sílé? Ẹni tí ẹ bá bi léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ayẹyẹ á sọ èyí tó ṣiṣẹ́ fún un, á sì sọ ọ́ bí òfin. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ NHS àti ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lábẹ́ agency, ewu tó wà níwájú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bí owó tó ń wọlé fún wọn bá tilẹ̀ dọ́gba.

Mo to àwọn ọ̀nà náà síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì méjì, kí ẹ lè fi wọ́n wéra. Ìbéèrè kan ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: bí nǹkan bá yí bírí lọ́la, ṣé owó yìí á lè padà sí yín lọ́wọ́? Owó tó bá ti wọ mọ́gééjì, lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti wọlé nìyẹn. Báńkì kò ní dá a padà nítorí pé ara yín kò yá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé yín

Nǹkan mẹ́rin lẹ máa wá nínú sítétímẹ́ǹtì mọ́gééjì: iye gbèsè tó kù, iye èlé, ọjọ́ tí fix yín (àkókò tí èlé kì í yí padà) máa parí, àti iye tí wọ́n máa gbà bí ẹ bá san ju àdéhùn lọ. Ọ̀pọ̀ báńkì ló gbà kí ènìyàn san àfikún tó tó 10% gbèsè tó kù lọ́dún kan, láìsí ìtanràn, nígbà tí fix bá ṣì ń lọ. Lórí ohun tó bá ju ìyẹn lọ, wọ́n lè gba 1% sí 5%, ó sì sábà máa ń dín kù bí ọdún fix ṣe ń lọ. Àwọn báńkì kan ń ka ọdún yẹn láti January, àwọn mìíràn ń kà á láti oṣù tí mọ́gééjì bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n. Ẹni tó jẹ £180,000 lè san £18,000 lé e lọ́dún kan, owó oṣù nìkan kì í sì sábà gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ kan bá tà nílé, tàbí tí iṣẹ́ bá dá ènìyàn dúró tí wọ́n sì san owó fún un, ló yẹ ká ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Tọkọtaya kan jẹ £180,000, ọdún 25, èlé 4.5%. Owó mọ́gééjì tí wọ́n ń san lóṣooṣù jẹ́ £1,000.50. Nínú owó oṣù àkọ́kọ́, £675 ló lọ sí èlé, £325.50 péré ló dín gbèsè kù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìṣirò yìí, àyà rẹ̀ á já, ìyẹn ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá bí wọ́n ṣe máa yára san án. Ohun tó dáa ni pé àfikún tí ẹ bá san, orí gbèsè gan-an ló ń lọ tààrà.

Ká dín ọdún kù nínú ìwé, tàbí ká fi ọdún sílẹ̀ ká máa san lé e

Ká ní tọkọtaya yìí fẹ́ san án tán ní ọdún 20. Ọ̀nà kan ni kí wọ́n ní kí báńkì yí ìwé padà sí ọdún 20. Owó oṣù á di bíi £1,139, ó sì di dandan nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ọdún 25 sílẹ̀ nínú ìwé, kí wọ́n sì fi standing order (àṣẹ tí ẹ fún báńkì yín láti máa san iye kan lóṣooṣù) san £138 kún un lóṣooṣù fúnra wọn. Níbi ìṣirò, ọ̀kan náà ni méjèèjì: gbèsè á tán ní ọdún 20, iye èlé kan náà ni wọ́n máa san.

Ìyàtọ̀ wọn kì í hàn títí di oṣù tí nǹkan bá dojú rú. Bọ́ílà bàjẹ́ lóṣù January, tàbí Màámi nílé nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó yan ọ̀nà kejì á ṣí áàpù báńkì rẹ̀, á dá standing order dúró, kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yan ọ̀nà kìíní jẹ £1,139 lóṣù yẹn bó ṣe jẹ ẹ́ lóṣù tó kọjá. Bí kò bá rí i san, wọ́n á kọ ọ́ sí àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní tèmi, ọ̀nà kejì ni kí ẹ mú. Àwọn kan á ní ìwé tó bá di dandan ló ń jẹ́ kí àwọn lè san án. Òótọ́ ni fún ẹni tí owó kì í dúró sí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n standing order tó ń jáde lọ́jọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ má gbàgbé láti bi báńkì ní ìbéèrè kan: bí mo bá san àfikún, ṣé ọdún lẹ máa dín kù, àbí owó oṣù? Àwọn kan máa ń dín owó oṣù kù fúnra wọn, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ń sáré nígbà tó jẹ́ pé ojú kan ló wà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi iye tí wọ́n dín kún standing order yín.

Díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tàbí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan

| Ohun tí wọ́n ṣe | Ìgbà tí gbèsè máa tán | Èlé lápapọ̀ |
|---|---|---|
| Owó oṣù nìkan | ọdún 25 | bíi £120,150 |
| £100 kún un lóṣooṣù | ọdún 21 àti oṣù 2 | bíi £99,400 |
| £200 kún un lóṣooṣù | ọdún 18 àti oṣù 5 | bíi £85,000 |
| £5,000 lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ | ọdún 23 àti oṣù 9 | bíi £110,200 |

Mo ṣe ìṣirò yìí bí ẹni pé èlé á wà ní 4.5% títí. Kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí pé lẹ́yìn ọdún méjì tàbí márùn-ún ni fix máa ń parí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ rí bí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tó. £100 péré lóṣù, tó jẹ́ owó tí ayẹyẹ kan àti aṣọ ẹbí rẹ̀ lè gbé lọ, ń mú ohun tó lé ní £20,000 kúrò nínú èlé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lè kó £5,000 jọ bí kì í bá ṣe àjọ. Ẹ jẹ́ ká wo àjọ ènìyàn mẹ́wàá, £500 lóṣù. Ẹni tó kó kẹ́yìn, ká ní ó fi £500 rẹ̀ san lé mọ́gééjì lóṣooṣù dípò kó dá àjọ, bíi £84 ni ì bá yọ nínú èlé láàárín àkókò yẹn. Owó kékeré ni. Ẹni tó kó kọ́kọ́ tilẹ̀ jèrè, torí wọ́n yá a lówó láìgba èlé. Nítorí náà, kì í ṣe èlé ló yẹ ká fi pinnu lórí àjọ. Ohun tó yẹ ká wò ni pé owó tó wà ní báńkì ní ìdáàbòbò FSCS (ètò tó ń dá owó oníbàárà padà) bí báńkì bá wó, àjọ kò ní irú ẹ̀. Ọwọ́ olórí àjọ àti ìwà àwọn tó kù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n dáadáa, tí owó kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́nà mìíràn, àjọ dáa gan-an. Bí ẹ kò bá mọ̀ ju ẹnì kan lọ nínú wọn, ẹ lo standing order.

Ká san lé mọ́gééjì, tàbí ká kó o pamọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ìpinnu pẹ̀lú ìkórìíra gbèsè nìkan. Ìkórìíra gbèsè kò burú, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Èlé tí Bank of England ń lò wà ní 0.1% láti March 2020 títí di December 2021, kó tó gòkè dé 5.25% ní August 2023. Ẹni tó de fix ọlọ́dún márùn-ún mọ́lẹ̀ ní 2021 lè wà lórí 1.6% títí di 2026. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní £5,000, tó sì rí àpò ìfowópamọ́ tó ń fún un ní 4%, £200 ló máa rí lọ́dún. Bó bá san án lé mọ́gééjì, £80 ló máa yọ nínú èlé. Kò sí ìdí fún un láti san án lónìí. Kó kó o pamọ́ títí fix á fi parí, kó wá san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó wọnú èlé tuntun, nígbà tí kò ní sí ìtanràn.

Tọkọtaya wa tó wà lórí 4.5% ńkọ́? £5,000 lórí mọ́gééjì á yọ £225 lọ́dún. Ní àpò ìfowópamọ́ tó ń fúnni ní 4%, £200. Mọ́gééjì ló borí, ṣùgbọ́n £25 péré ló fi borí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn: £25 lọ́dún ni iye tó ń ná wọn láti ní £5,000 nílẹ̀ tí wọ́n lè fà yọ lọ́jọ́ tí ilé bá gbóná. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ẹ lè rà ní £25 tó tó bẹ́ẹ̀. Lórí owó orí, ẹni tó ń san owó orí ìpele àkọ́kọ́ lè gba £1,000 èlé lọ́dún láì san owó orí lé e, ẹni ìpele kejì £500. ISA, àpò ìfowópamọ́ tí wọn kì í gba owó orí lórí èlé rẹ̀, sì wà fún ohun tó bá ju ìyẹn lọ.

Èló ló yẹ kó wà nílẹ̀ ná? Ìnáwó ilé oṣù mẹ́ta ni mo máa pè ní ìpìlẹ̀, oṣù mẹ́fà fún àwọn kan. Ohun tó ń yà wá sọ́tọ̀ síra wa ni irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Òṣìṣẹ́ NHS tó ti lo ọdún márùn-ún, bí àìsàn bá dé, ó lè gba owó oṣù kíkún fún oṣù mẹ́fà, kó tún gba ààbọ̀ fún oṣù mẹ́fà mìíràn. Ẹni tó wà lábẹ́ agency, SSP (owó àìsàn tí òfin là sílẹ̀) ló máa gbà, fún ọ̀sẹ̀ 28 ó pọ̀ jù: ní ọdún owó orí 2025/26, £118.75 lọ́sẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ £475, kò tó ìdajì owó oṣù mọ́gééjì tọkọtaya wa. Ẹ̀yin tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, oṣù mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ tò jọ kí ẹ tó san £1 lé mọ́gééjì.

Àwọn tó wà lórí físà ní ti wọn lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ká mi lára jù nínú gbogbo èyí. Bí wọ́n bá kọ "no recourse to public funds" sórí físà yín, ẹ kò lè gba Universal Credit, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ìrànlọ́wọ́ èlé mọ́gééjì tó ń bá a rìn. Ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́ sábà máa ń ní ọjọ́ 60 láti rí iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà á sọ́dọ̀ tàbí kó kúrò. Láàárín ọjọ́ 60 yẹn, owó tó wà nínú mọ́gééjì kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì lè san owó físà tuntun. Ẹ má ṣe sáré san mọ́gééjì kí ẹ tó gba ìwé ìgbélùú ayérayé. Ẹ kó owó jọ sí ibi tí ọwọ́ yín lè tó o.

Bí ẹ bá jẹ gbèsè credit card tàbí overdraft, ẹ fi gbogbo ohun tí mo ti sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Credit card sábà máa ń ju 20% lọ, overdraft sì lè sún mọ́ 40%. Ẹ san àwọn yẹn tán kí ẹ tó ronú kan 4.5%.

Mọ́gééjì tàbí pẹ́ńṣàn

Kúkúrú ni mo máa sọ níbí. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ń fi owó kún pẹ́ńṣàn bí ẹ̀yin náà bá ṣe ń fi kún un, ẹ gba gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó san àfikún mọ́gééjì. Àní láìsí ti ibi iṣẹ́, £80 tí ẹni ìpele àkọ́kọ́ bá fi síbẹ̀ ń di £100 nítorí owó orí tí ìjọba ń dá padà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó tì pa: ọmọ ọdún 55 ló lè fọwọ́ kàn án, á sì di 57 ní April 2028. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè máa yọ̀ sí i. Ẹni ọdún 32 tó ní ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ kà á mọ́ owó pàjáwìrì.

Mọ́gééjì tàbí ilé nílé

Mo mọ̀ pé ibí ni ọkàn ọ̀pọ̀ wà. Ilé ní Ìbàdàn, ní Mọ́wé, ní Ìkòròdú, tàbí ní ìlú baba ẹni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé nìkan. Ibi tí ìyá máa gbé ni, ibi tí a máa sùn sí bí a bá lọ sílé, ibi tí a máa padà sí lọ́jọ́ alẹ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má kọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má pè é ní ọ̀nà láti san mọ́gééjì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé ní Nàìjíríà, náírà ni, pọ́n-ùn sì ni mọ́gééjì yín. Kó tó di June 2023, bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ní February 2024 ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó gba owó ilé ọdún méjì sílẹ̀ ṣáájú June yẹn, tó fi náírà náà sí báńkì, rí i pé ohun tó lè fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kò tó ìdá mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, pọ́n-ùn tí ẹ bá fi ń kọ́lé ra náírà púpọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì àti irin náà kò dúró sójú kan.

Ní ti ìbéèrè tí mo fi ń wọn gbogbo wọn, ilé tó dé lẹ́ńtẹ̀lì ló le jù láti sọ di owó. Ẹ kò lè tà á ní kíákíá láìta á ní ọ̀pọ̀, ẹ kò lè gbé inú rẹ̀, ẹ kò lè fi gba ayálégbé. Bí ẹ bá wá ń san àfikún mọ́gééjì lọ́dún kan náà, ibi méjèèjì ni owó ń wọ̀ tí kò sì sí èyí tó lè jáde. Èyí ló fi jẹ́ pé ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ má ṣe méjèèjì pa pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, ẹ dá àfikún mọ́gééjì dúró fún ọdún yẹn, ẹ kọ́ ọ dé òrùlé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó padà sí mọ́gééjì. Kí ọkọ àti ìyàwó sì jọ mọ̀ sí i, torí bí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì bá wà nínú mọ́gééjì, gbogbo gbèsè náà ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, kì í ṣe ìdajì ìdajì.

Bí nǹkan bá yí bírí

Àfikún ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró, lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe báńkì kí oṣù tí ẹ kò ní lè san tó dé. Láti June 2023 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti fọwọ́ sí Mortgage Charter, àdéhùn tó fún ẹni tí kò tíì jẹ owó mọ́gééjì oṣù kankan ní ọ̀nà méjì, láìsí pé wọ́n tún yẹ owó tó ń wọlé fún un wò, láìsì kan àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: kí ẹ san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ́gééjì, tọkọtaya wa á san £675 dípò £1,000.50. Ọ̀nà kejì: kí ẹ fa ọdún gùn. Bí wọ́n bá sọ ọdún 25 di 30, owó oṣù á di bíi £912, wọ́n sì lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ọ̀nà kìíní tú £325 sílẹ̀ lóṣù, ọ̀nà kejì tú £88. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìṣòro náà máa kọjá láìpẹ́, bíi kí iyàwó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, èlé nìkan ni kí ẹ mú. Bí owó tó ń wọlé bá ti kéré sí i títí lọ, ẹ fa ọdún gùn, kí ẹ má lo oṣù mẹ́fà tán kí ẹ tó gbà pé nǹkan ti yí padà.

Ẹni tó bá wà lórí Universal Credit lè béèrè ìrànlọ́wọ́ èlé mọ́gééjì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé owó yíyá ni, orí ilé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Citizens Advice àti StepChange kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ìmọ̀ràn gbèsè. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá báńkì sọ̀rọ̀, ẹ sá fún un.

Bí fix bá kù díẹ̀ kó parí

Ìgbà yìí ni owó díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Báńkì máa ń fi gbèsè wé iye tí ilé tó, wọ́n sì ní ìpele: 90%, 85%, 80%, 75%, 60%. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele tó kàn, èlé tuntun sábà máa ń dín. Ká ní ilé tọkọtaya wa tó £225,000: 80% ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí fix bá parí, owó oṣù nìkan á ti gbé gbèsè wálẹ̀ sí nǹkan bíi £171,840. Ìpele 75% jẹ́ £168,750. £3,100 ló kù.

Wọ́n lè máa san £130 lé e lóṣooṣù fún ọdún méjì náà, wọ́n á débẹ̀. Wọ́n sì lè kó £130 yẹn sí àpò ìfowópamọ́ lóṣooṣù, kó jẹ́ owó pàjáwìrì wọn ní gbogbo àkókò yẹn, bí kò bá sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n san £3,100 lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n bá fẹ́ béèrè èlé tuntun. Èyí kejì ni mo fara mọ́. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ń gbà kí ẹ ti mú èlé tuntun ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, nígbà mìíràn tó oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí fix yín máa parí sílẹ̀, kí ẹ ka oṣù méje sẹ́yìn. Lóṣù yẹn, ẹ wo iye tí irú ilé yín ń tà ní àdúgbò, ẹ ṣe ìṣirò ìpele yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó tó wà nílẹ̀.